Ó ń ta tíì, ó sọ ara rẹ̀ di "Blockchain": Kí ló ń mú kí owó ṣíà fò sókè bí ilé iṣẹ́ bá pààrọ̀ orúkọ?

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ aránṣọ pè wá lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, kété lẹ́yìn ìròyìn aago méje àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní London ló fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ohun tó wà nínú àwòrán náà ni pé ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi "AI" kún orúkọ rẹ̀, owó ṣíà rẹ̀ sì ti ju ìlọ́po méjì lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n ní kó tètè rà. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ. Ìbéèrè tó bi wá ò gùn rárá: "Ẹ̀yin oníròyìn, ṣé kí n kó owó àjọ mi síbẹ̀, àbí kí n fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo torí ẹ̀ dá a?"

Iṣẹ́ ìròyìn là ń ṣe, a kì í ṣe agbaninímọ̀ràn lórí owó. Àmọ́ a mọ ìtàn àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú, torí ìtàn náà ti pẹ́, ibì kan náà ló sì sábà máa ń parí sí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ lé wa lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tó ń jẹ èrè ẹ̀, àti ẹni tó máa ń sunkún nígbẹ̀yìn.

Tíì inú ìgò tó di Blockchain

Ní ìpínlẹ̀ New York lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Long Island Iced Tea Corp. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: tíì tútù inú ìgò ló ń tà. Ọjà náà ń tà, àmọ́ owó tó ń ná ju owó tó ń wọlé lọ. Ilé iṣẹ́ náà ò jèrè rí.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Nasdaq, ìyẹn ọjà ṣíà tí wọ́n ti ń ná an, kọ̀wé kìlọ̀ fún un. Wọ́n ní bí wọ́n bá ṣírò gbogbo ṣíà rẹ̀ pọ̀, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ ju mílíọ̀nù 35 dọ́là tí òfin ọjà náà béèrè. Wọ́n fún un ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà kó fi tún ara rẹ̀ ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lọ́jà.

Kí ló wá ṣe? Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó kéde pé òun ò jẹ́ Long Island Iced Tea mọ́. Orúkọ òun tuntun ni Long Blockchain Corp. Ó ní iṣẹ́ tóun máa gbájú mọ́ báyìí ni blockchain.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, blockchain dà bí ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn jọ ń tọ́jú, débi pé ó ṣòro gan-an fún ẹnì kan láti dá pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Òun ló gbé owó Bitcoin ró. Ẹ sì rántí àsìkò tá à ń sọ yìí: Bitcoin kan tó jẹ́ nǹkan bí 1,000 dọ́là ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ 20,000 dọ́là nínú oṣù Kejìlá. Gbogbo ayé ló ń pariwo ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìkéde yẹn, ṣíà kan ilé iṣẹ́ tíì náà jẹ́ dọ́là 2.44. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gun òkè dé dọ́là 9.49, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí ọjà pa lálẹ́, ó dúró sórí dọ́là 6.91. Ilé iṣẹ́ tí iye rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 dọ́là lọ lánàá ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù 70 dọ́là lónìí.

Ìgò tíì tó wà lórí àtẹ lánàá náà ló wà níbẹ̀ lónìí o. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ nínú ìkéde ọjọ́ yẹn pé òun ṣì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ni, kò sí àdéhùn kankan tóun ti tọwọ́ bọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Àmọ́ àkọlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà.

Kí ni ṣíà, ta ló sì ń dá owó lé e?

Ẹ jẹ́ ká fi danfo ṣe àpẹẹrẹ. Bí èèyàn mẹ́wàá bá dáwó jọ ra danfo kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ náà. Ìdá kan yẹn ni ṣíà. Bí danfo náà bá ń pawó, wọ́n á jọ pín in. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó lè ta ìdá tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èló ló máa tà á? Iye tí ẹni tó fẹ́ rà á bá gbà láti san ni. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló ń dá owó lé ṣíà, ọjà ló ń dá a lé e, bí ọjà ṣe ń dá owó lé ata rodo.

Wàyí o, ká ní wọ́n kọ "Ọkọ̀ Òfuurufú" gàdàgbà sára danfo yẹn. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò yí padà. Táyà ẹ̀ ò yí padà. Ọ̀nà tó ń ná lánàá náà ló ń ná lónìí. Àmọ́ bí àwọn tó wà ní gáréèjì bá gbà gbọ́ pé danfo yìí máa tó fò, wọ́n á máa du ìdá kan nínú ẹ̀ ní owó gọbọi. Ẹni tó bá tètè ta tiẹ̀ lọ́jọ́ náà ti rí owó mú. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa jókòó ti danfo tí ò lè fò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tíì nìyẹn.

Kí ló ń mú kó fò sókè bẹ́ẹ̀?

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á.

Èkíní, irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kéré, ṣíà wọn tó wà lọ́jà ò sì pọ̀. Bí omi ṣe máa ń tètè kún inú ife ju inú àgbá lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni owó díẹ̀ ṣe lè gbé owó ṣíà ilé iṣẹ́ kékeré sókè fíofío. Tí irú owó kan náà bá wọ inú ilé iṣẹ́ ńlá, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Èkejì, kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń ra ṣíà lóde òní. Kọ̀ǹpútà náà ń rà á. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ìròyìn, kó sì rà láàárín ìṣẹ́jú àáyá bó bá ti rí ọ̀rọ̀ kan tó gbòde. Kọ̀ǹpútà yẹn ò tọ́ tíì wò o.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó léwu jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á mọ̀ dájú pé danfo ò lè fò. Wọn ò bìkítà. Èrò ọkàn wọn ni pé àwọn máa rà á ní aago mẹ́wàá, àwọn á sì tà á fún ẹlòmíràn ní aago mọ́kànlá. Kálukú gbà pé ẹlòmíràn ni ilẹ̀ máa ṣú bá, pé kì í ṣe òun. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn náà gbẹ̀yìn, bóyá lórí WhatsApp, ni ilẹ̀ ń ṣú bá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹni tó bá ra 100 ṣíà Long Blockchain ní dọ́là 9 lọ́jọ́ náà ti ná 900 dọ́là. Nígbà tí ọjà pa lálẹ́, 691 dọ́là ni gbogbo ẹ̀ kù sí. Ó ti pàdánù 209 dọ́là lọ́jọ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn ń sọ pé ṣíà náà ń wówó. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò parọ́, òun ló dé lẹ́yìn.

Ta ló ń jẹ èrè ẹ̀?

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan ilé iṣẹ́ náà bí owó ṣíà bá lọ sókè, ṣebí àwọn tó ń tà á síra wọn ló ń náwó. Ó kàn án gan-an ni.

Ilé iṣẹ́ tí owó ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ lè tẹ ṣíà tuntun jáde, kó tà á, kó sì fi owó ẹ̀ jẹun. Ká ní ó nílò mílíọ̀nù 10 dọ́là. Bí ṣíà kan bá jẹ́ dọ́là 2, ó gbọ́dọ̀ ta mílíọ̀nù 5 ṣíà kó tó rí i. Bí ṣíà náà bá ti di dọ́là 8, mílíọ̀nù kan àti ìdá mẹ́rin péré ló máa tà. Orúkọ tuntun ti pa owó fún un, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń fi ṣíà kún owó oṣù fún. Bí ó bá lọ sókè, àwọn náà ti dolówó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní Nasdaq, bí owó ṣíà kan bá wà nísàlẹ̀ dọ́là kan fún ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ léra, ìwé ìkìlọ̀ máa dé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń fún un láti fi bọ́ nínú ewu. Ilé iṣẹ́ tó ti wà lẹ́bàá kòtò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lè fa òun padà sókè fún ìgbà díẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tíì parí sí

Nínú oṣù Kìíní ọdún 2018, Long Blockchain kéde pé òun máa ra ẹ̀rọ 1,000 tí wọ́n fi ń wa Bitcoin, òun sì máa ta ṣíà tuntun láti fi san owó ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ní òun ò ta ṣíà náà mọ́. Ẹ̀rọ ò dé. Iṣẹ́ blockchain ò bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù Kejì, Nasdaq ní ó jọ lójú àwọn pé ńṣe ni ilé iṣẹ́ náà ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣi àwọn olùdókòwò lọ́nà, kó lè jẹ àǹfààní ariwo tó wà lórí Bitcoin. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n yọ ọ́ kúrò lọ́jà. Ohun tó ń sá fún látìbẹ̀rẹ̀ náà ló padà bá a.

Nínú oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ SEC ti Amẹ́ríkà, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ṣíà, fagi lé ìforúkọsílẹ̀ ṣíà ilé iṣẹ́ náà pátápátá torí pé kò fi ìwé ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ mọ́. Nínú oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, SEC gbé àwọn mẹ́ta lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀sùn tó fi kàn wọ́n ni pé ọ̀rọ̀ orúkọ tuntun náà jò láti inú ilé kó tó dé etí aráyé. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ra 35,000 ṣíà ṣáájú ìkéde náà, ó sì tà wọ́n láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn tí ìkéde jáde. Èrè tí SEC ní ó jẹ níbẹ̀ ju 160,000 dọ́là lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ̀sùn SEC bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ti gbọ́ kí ìròyìn tó jáde, wákàtí méjì ló sì fi kó èrè. Àwa yòókù là ń gbọ́ ọ nínú ìròyìn.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1957 ni orílẹ̀-èdè Soviet ju Sputnik sí òfuurufú. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tó bá ti jọ mọ́ òfuurufú tàbí ẹ̀rọ oníná ló ń tà wàràwàrà lọ́jà ṣíà Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Burton Malkiel ti yunifásítì Princeton sọ ìtàn ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ American Music Guild nínú ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ta rẹ́kọ́ọ̀dù àti gírámọ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Kí wọ́n tó gbé ṣíà wọn wá sọ́jà, wọ́n yí orúkọ wọn padà sí Space-Tone. Dọ́là 2 ni wọ́n tà á níbẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti di dọ́là 14. Nígbà tó fi máa di ọdún 1962, ọjà ti dà wó lé ọ̀pọ̀ irú wọn lórí.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Michael Cooper, Orlin Dimitrov àti Raghavendra Rau, jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2001. Wọ́n wo ilé iṣẹ́ 95 tó fi "dotcom" kún orúkọ wọn láàárín ọdún 1998 sí 1999. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó yí ìkéde orúkọ náà ká, owó ṣíà wọn fi nǹkan bí ìdá 74 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tó yà wọ́n lẹ́nu jù ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàárín ilé iṣẹ́ tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ lóòótọ́ àti èyí tí ò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta ọdún 2000, òṣùwọ̀n Nasdaq gòkè kọjá 5,000. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,100. Owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ èèyàn bá a lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí nǹkan bà jẹ́ tán, àwọn ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ "dotcom" kúrò lára orúkọ wọn. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ náà àti àwọn mìíràn tún wádìí ìyẹn, wọ́n sì rí i pé ṣíà tún lọ sókè! Àṣé kò sí oògùn kankan nínú "dotcom" fúnra ẹ̀. Ohun tó bá wu èrò lójú lọ́sẹ̀ yẹn ni orúkọ ń tẹ̀ lé.

Ṣé gbogbo wọn ló ń parọ́ ni?

Rárá o. Ilé iṣẹ́ lè yí iṣẹ́ padà tọkàntọkàn. Àpẹẹrẹ kan ni Bioptix, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ẹ̀rọ àyẹ̀wò ìlera àwọn ẹranko. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ó sọ ara rẹ̀ di Riot Blockchain. Èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ òun ra ẹ̀rọ lóòótọ́, ó kọ́ ilé fún wọn ní Texas, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa Bitcoin jù ní Amẹ́ríkà. Riot Platforms ló ń jẹ́ báyìí.

Síbẹ̀, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2017, ṣíà rẹ̀ kan ti kọjá 40 dọ́là. Nígbà tí ọdún 2018 máa parí, kò tó dọ́là 2. Ẹni tó rà á lọ́jọ́ tí ariwo pọ̀ jù pàdánù gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà ò parọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ò tó, iye tẹ́ ẹ rà á náà ṣe pàtàkì.

Kodak ńkọ́? Àwọn àgbà inú wa mọ Kodak. Òun ló ni fíìmù tí àwọn ayàwòrán wa ń kì sínú kámẹ́rà nígbà kan. Nígbà tí kámẹ́rà aláìlófíìmù gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sá tọ ilé ẹjọ́ lọ nínú oṣù Kìíní ọdún 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Ó jáde, àmọ́ kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2018, ó kéde KodakCoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ayàwòrán. Ṣíà rẹ̀ tó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3 ju ìlọ́po méjì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe Kodak gan-an ló ń ṣe KodakCoin. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló yá orúkọ rẹ̀ lò. Kí ọdún náà tó parí, ṣíà Kodak ti padà sísàlẹ̀ dọ́là 3.

Ó ti wá kan AI báyìí

Ọ̀rọ̀ tó gbòde báyìí ni AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń mú kí kọ̀ǹpútà máa kọ̀wé, kó sì máa dáhùn ìbéèrè bí èèyàn. A ò bú AI o. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, bí íntánẹ́ẹ̀tì náà ṣe ṣiṣẹ́ ńlá. Ohun tá à ń sọ ni pé bí ohun kan bá jẹ́ òótọ́ tó sì gbajúmọ̀, àwọn tí ò ní in á fẹ́ wọ ẹ̀wù ẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2023, ìròyìn jáde pé BuzzFeed, ilé iṣẹ́ ìròyìn àti àwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ máa lo AI láti ṣe àwọn ohun tó ń gbé jáde. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun máa dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró. Ṣíà rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ lọ́jọ́ náà. Kò tó oṣù mẹ́ta sí i, nínú oṣù Kẹrin, ó kéde pé òun máa ti ẹ̀ka ìròyìn rẹ̀, BuzzFeed News, pa. Àwa tá a jẹ́ oníròyìn ò lè gbàgbé ìyẹn kíákíá.

Nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, àjọ SEC ti Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ ìdókòwò méjì, Delphia àti Global Predictions, pé wọ́n ń polongo pé àwọn ń lo AI ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ. Wọ́n gbà láti san 400,000 dọ́là pọ̀ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Kí ló kàn wá níbí?

Nígbà kan, ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ò rí ọ̀nà ra ṣíà Nasdaq bọ̀rọ̀. Àmọ́ lónìí, áàpù bíi Bamboo àti Risevest wà lórí fóònù tí ọmọ Nàìjíríà lè fi náírà ra ṣíà Amẹ́ríkà. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí èrè lè gbà wọlé ni àdánù náà lè gbà wọlé.

A ò sì gbọdọ̀ gbàgbé CBEX. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ CBEX yàtọ̀ sí tàwọn tá a ti ń sọ bọ̀, torí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó wà lọ́jà ṣíà, SEC ti Nàìjíríà sì ní kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àmọ́ ìjẹ kan náà ló fi sẹ́nu ìwọ̀. Wọ́n ní AI ló ń bá àwọn ṣòwò, pé ẹni tó bá fowó sílẹ̀ á rí ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ọjọ́. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn ò rí owó wọn gbà mọ́. Ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, inú bí àwọn kan débi tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n kó àga àti ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ lọ. Owó tí wọ́n kó síbẹ̀, wọn ò rí i nínú ọ́fíìsì náà.

Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubú fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 àti owó ìtanràn 20 mílíọ̀nù náírà lélẹ̀ fún àwọn tó bá ń ṣe irú òwò gbájú-ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n ẹni tó jí owó yín gbé kò ní kó owó náà padà sọ́wọ́ yín.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀

Kí ló ń tà títí di àná? Bí ó bá jẹ́ bàtà ló ń tà lánàá, ẹ béèrè ohun tó mọ̀ nípa AI tí ẹlòmíràn ò mọ̀ jù ú lọ.

Èló ló ti wọlé látinú iṣẹ́ tuntun náà? Ilé iṣẹ́ tí ṣíà rẹ̀ wà lọ́jà Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò owó ránṣẹ́ sí SEC. Gbogbo ẹ̀ wà lórí EDGAR, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ti ọdọọdún ni wọ́n ń pè ní 10-K. Bí ọ̀rọ̀ AI bá pọ̀ nínú ìkéde àmọ́ tí owó AI ò sí nínú ìṣirò, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ta ló ń tà nígbà tẹ́ ẹ̀ ń rà? Bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ta ṣíà tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé kan tó ń jẹ́ Form 4 sọ ọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méjì. Ó wà lórí EDGAR náà. Bí ilé iṣẹ́ bá ń pariwo pé ọ̀la òun dára, tí àwọn tó mọ inú ilé sì ń sáré tà, ẹ fura.

Ṣé wọ́n fẹ́ tẹ ṣíà tuntun? Bí wọ́n bá fi omi kún ọbẹ̀, adùn inú abọ́ tẹ́ ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ á dín kù.

Ẹ̀yin lẹ́nì kelòó tó gbọ́ ọ? Bí ìròyìn bá fi máa dé ojú WhatsApp yín pé ṣíà kan ti di ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì yẹn ti wà nínú àpò ẹlòmíràn.

Bó bá sì jẹ́ Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ wá dókòwò, ẹ wo orúkọ wọn lórí ìkànnì SEC ti Nàìjíríà bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń gba àwòrán náà tó láti fi wò ó.

Kí la wá sọ fún aránṣọ?

A ò sọ pé kó má rà, a ò sì sọ pé kó rà. Àwọn ìbéèrè yìí la kà fún un lórí fóònù, a sì ní kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún pè wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò mọ ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń tà kó tó gba orúkọ tuntun. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan níbi iṣẹ́ ló fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí òun.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọjà ṣíà, orúkọ làwọn kan ń kọ́kọ́ sọ, wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ fi owó yín kọ́ ilé tó máa bá orúkọ náà mu. Ilé ni kẹ́ ẹ máa wò.

Arábìnrin wa ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní àwọn aṣọ ẹbí kan ti ń dúró de òun.